Bébà Tí Kò Gbọdọ̀ Pọ́n

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bébà tí ayàwòrán á rà lónìí, tí á sì tún padà wá rà lọ́dún tó ń bọ̀, omi ni kó kọ́kọ́ wádìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Raji Rasaki Estate, ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, débi tí mo fi lè sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: owó tí omi ti gbà lọ́wọ́ mi ju ti ẹ̀rọ lọ, ó ju ti òwú lọ, kò sì tíì tán.

Gbogbo ará ẹ́sítéètì wa ló mọ omi náà. Orí ilẹ̀ àbàtà la kọ́lé sí, àti àwa àti àwọn ará Festac tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Orúkọ Ọ̀gágun Raji Rasaki, tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 1988, ni wọ́n fi pe àdúgbò wa. Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ bọ̀hóòlù, omi tó máa jáde á mọ́ gaara. Ẹ bù ú sínú bókẹ́ẹ̀tì funfun kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán á ti máa pọ́n, tó bá sì fi máa di alẹ́, ìyẹ̀fun pupa á ti sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Irin ló wà nínú omi náà, atẹ́gùn ló sì mú kó dógùn-ún. Ìdí nìyẹn tí aṣọ funfun kì í fi í pẹ́ kó tó pọ́n lọ́dọ̀ wa, tí ògiri balùwẹ̀ fi ń ní ìlà pupa, tí àwọn ìyá ọlọ́mọ fi ń ra omi mẹ́rúwà láti fọ yunifọ́ọ̀mù.

Èèyàn lè bá irú omi bẹ́ẹ̀ gbé. Bébà kò lè bá a gbé. Bébà tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ fótókọ́pì. Bébà tí wọ́n ń ya àwòrán sí ni, tí wọ́n ń fi ọ̀dà olómi kùn, tí wọ́n ń tẹ àwo irin mọ́, tí ẹni tó rà á máa fi sínú férémù kọ́ sára ògiri, tí ọmọ rẹ̀ máa jogún. Òwú ni wọ́n fi ń ṣe ojúlówó rẹ̀, kò gbọdọ̀ ní ásíìdì nínú, ó sì gbọdọ̀ nípọn. Èyí tí àwọn tó ń fi ọ̀dà olómi ṣiṣẹ́ máa ń béèrè jù ni oníwọ̀n 300 gíráàmù fún mítà kan níbùú lóròó. Tí ewé kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56 níbùú àti 76 lóròó, á wọn nǹkan bíi gíráàmù 128 nígbà tó bá gbẹ. Irin tó bá wọ inú irú ewé bẹ́ẹ̀ kì í jà lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é. Ewé á funfun, oníbàárà á yìn ín, á sanwó, á máa lọ. Tó bá tó ọdún mélòó kan, pàápàá ní Èkó tí ọ̀rinrin kì í tán nínú afẹ́fẹ́, àmì pupa róbótó-róbótó á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́ nígbà náà, nítorí àwòrán ti wà lórí rẹ̀.

Ìyá aláró kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ló kọ́ mi bí a ṣe ń dá irin mọ̀ nínú omi láìsí kẹ́míkà kankan. Mo gbé omi bọ̀hóòlù wa lọ bá wọn nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré, torí mo mọ̀ pé aláró kì í fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré. Màmá ò tilẹ̀ tọ́ ọ wò. Wọ́n ní kí ọmọọmọ wọn lọ po tíì, kó jẹ́ kó dúdú dáadáa, kó má sì fi mílíìkì sí i. Wọ́n bu omi mi sínú ife, wọ́n wá ń ro tíì náà sí i díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ohun tó wà nínú ife fi ṣú dùdù, tí èèyàn ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́.

"Ọmọ mi, ṣé o rí i?" ni Màmá wí. "Omi tó bá bá tíì jà báyìí, á bá aṣọ jà. Wá òmíràn lọ."

"Ẹ ṣé, Màmá. Ibo ni kí n ti wá a? Bí ti gbogbo àdúgbò wa ṣe rí nìyẹn."

"Ọlọ́run kì í rọ òmíràn sórí páànù yín ni? Ta ló ń gbà á?"

Láti ìgbà náà, kò sí omi tí mi ò fi tíì wò: ti mẹ́rúwà, ti táńkà, ti àwọn ará ilé kejì, ti inú ọ̀rá. Ti táńkà ò ṣe é gbára lé, torí ibi tí wọ́n ti fà á lọ́sẹ̀ yìí lè máà jẹ́ ibi tí wọ́n máa ti fà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Omi òjò ni kì í ṣú. Ṣùgbọ́n òun náà ní òfin tirẹ̀. A kì í gba òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, èéfín mọ́tò Mile 2 àti eruku ọyẹ́ ló ń fọ̀ kúrò lórí páànù. Òjò kejì, ìkẹta, ká tó ṣí ọ̀nà fún un sínú táǹkì. Ti bọ̀hóòlù náà kò ṣòfò. A máa ń jẹ́ kó dà láti òkè wá sínú dúrọ́ọ̀mù kó lè gba atẹ́gùn, kó pọ́n tán, kó sílẹ̀, ká wá fi yanrìn sẹ́ ẹ. Òun la fi ń fọ àjákù aṣọ nífọ̀ àkọ́kọ́. Ìfọ̀ tó gbẹ̀yìn àti omi tí bébà máa dúró nínú rẹ̀, ti òjò nìkan ni.

Ìgbà tí mo wá mọ èyí ni mo tó lóye ìdí tí àwọn ilé bébà àtayébáyé fi wà níbi tí wọ́n wà. Fabriano ní Ítálì, tí wọ́n ti ń ṣe bébà láti nǹkan bí ọdún 1264, etí odò Giano ló wà. Arches ní Faransé, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1492, etí odò Moselle ni. A máa ń ka ìtàn wọn bíi pé ọgbọ́n ọwọ́ ló gbé wọn ga. Ọgbọ́n ọwọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n odò ni wọ́n kọ́kọ́ wá, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wá kóra jọ sétí rẹ̀.

Ká wá sọ ti òwú. Inú àjákù aṣọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni mo ti ń rí i, àti inú béèdì-ṣíìtì òkìrìkà funfun. Kì í ṣe gbogbo ohun tó funfun ló jẹ́ òwú. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kẹ́ ẹ ṣá ìṣáná sí i. Òwú á jó geere, eérú rẹ̀ á kúnná lọ́wọ́ yín. Pọliẹ́sítà á yọ́, á rùn, á di kóró dúdú líle. Gínì funfun dára gan-an. Àǹkárá, àwọ̀ rẹ̀ ń jáde, a kì í lò ó fún bébà funfun. Ohun tó burú jù lọ ni gum stay, aṣọ alẹ̀mọ́ra tí àwọn télọ̀ máa ń lọ̀ mọ́ inú kọ́là àti ọrùn ọwọ́. Ibi tí oje rẹ̀ bá ti mu kò ní kúnná láéláé, ó máa ń di kókó sínú ewé, ayàwòrán á sì rí i bí burúọ́ṣì rẹ̀ bá ti kan ibẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣa àjákù kì í fi ojú wá a. Èékánná àtàǹpàkò ló fi ń ha ẹ̀yìn aṣọ, bó bá ti gbọ́ bó ṣe dún ló ti jù ú sọ́tọ̀. Ó yára jù mí lọ nídìí ẹ̀.

Lẹ́yìn tí a bá gé àjákù wẹ́wẹ́, a ó sè é pẹ̀lú sódà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ funfun ń lò, a ó fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ ò fi ní yọ̀ mọ́, a ó wá gbé e fún ẹ̀rọ. Kí n tó rówó ẹ̀rọ, odó iyán la fi ń gún un. Odó náà ń ṣiṣẹ́, Ọlọ́run ló ń fún àwọn ọmọkùnrin tó gún un lágbára, ṣùgbọ́n ohun tí odó á gún lọ́jọ́ kan kò lè tó ewé ńlá márùn-ún. Àwọn ará Netherlands ló dá ẹ̀rọ tí mò ń lò báyìí sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Hollander ni wọ́n ń pè é. Ọpọ́n gígùn kan ni tí omi àti àjákù ń yí po nínú rẹ̀, tí àgbá eléyín irin ń yí lórí àwo irin mìíràn, tí òwú ń gba àárín méjèèjì kọjá. Kì í ṣe gígé ló ń gé e. Ṣe ló ń tẹ fọ́nrán, tó ń họ ọ́ lára, títí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á fi hu irun wẹ́wẹ́, irun yẹn ni wọ́n máa fi di ara wọn mú nígbà tí wọ́n bá gbẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ògì la ń pe ohun tó ń ti inú ẹ̀rọ náà jáde, torí bí ògì ló ṣe ń ṣe: à ń sẹ́ ẹ, ó ń sílẹ̀, omi rẹ̀ á sì dúró lókè.

Wẹ́dà tó bá mi ṣe ẹ̀rọ náà ní Àgbòjú bẹ̀ mí títí pé kí n jẹ́ kí òun fi irin lásán ṣe eyín rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, owó yín lẹ fẹ́ sun níná yìí o," ló ń wí. Mo ní, "Àbúrò, irin tó bá dógùn-ún sínú ògì mi, ṣe ìwọ lo máa bá mi san owó bébà ẹni ẹlẹ́ni?" Stainless ni mo ní kó fi ṣe é, láti ọpọ́n dé eyín dé síkúrúù. Ó gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ mi. Kò sí ohun tí mo rà nínú iṣẹ́ yìí tí mo fọwọ́ sọ̀yà lé lórí tó o.

Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ni àjákù aṣọ lè lò nínú ẹ̀rọ yẹn. Ẹni tó bá ń gbé ní Èkó mọ ohun tí mò ń sọ: iná kì í dúró bẹ́ẹ̀, bẹntiróòlù ni yóò parí rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ògì ti di ohun tí à ń fi ìwọ̀n jẹnẹrétọ̀ ṣírò.

Ìgbà tí ẹ bá ti rí ògì, iṣẹ́ ọwọ́ ló kù, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Asẹ́ onígi mẹ́rin, tí nẹ́ẹ̀tì stainless wà lójú rẹ̀, férémù kejì lórí rẹ̀ láti fún etí ewé ní ààlà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ẹ rì í wọ inú ọpọ́n láti ọ̀dọ̀ ara yín, ẹ gbé e sókè ní títẹ́jú, kẹ́ ẹ tó mì ín síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì. Mímì yẹn gbọdọ̀ parí kí omi tó jò tán. Bó bá pẹ́ díẹ̀, fọ́nrán ti jókòó, ẹ ò lè sún un mọ́, ewé á nípọn lápá kan. Lẹ́yìn èyí la ó dà á dé orí búláńkẹ́ẹ̀tì olówùú àgùntàn, a ó tẹ́ òmíràn lé e, títí a ó fi kó wọn sábẹ́ jáàkì lọ́rí ká fi fún omi ara wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbi ọpọ́n yìí ni ilá. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ara ọ̀gẹ̀dẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ gùn, ó sì ń sáré kóra jọ di ìdì. Àwọn ará Japan ní gbòǹgbò kan tí wọ́n ń pè ní tororo-aoi, ó ń yọ̀, wọ́n ń fi oje rẹ̀ sínú ọpọ́n kí fọ́nrán má bàa kánjú. Ẹbí ilá ni igi náà. Mo gé ilá tó ti gbó, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo da oje rẹ̀ sínú ọpọ́n. Omi ń fà, fọ́nrán ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ewé sì tẹ́jú. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé ẹni tó ń sebẹ̀ nílé ti di méjì ni.

Mo ti gbìyànjú ewéko mìíràn pẹ̀lú. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ lẹ́yìnkùlé káàkiri Àmúwo. Ẹni tó bá ti gé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán kì í fẹ́ igi rẹ̀ mọ́. Bébà rẹ̀ ń dán, ó ń dún ṣààràṣà lọ́wọ́. Igi ewédú tí a ti já ewé rẹ̀ tán, èèpo rẹ̀ ni fọ́nrán àpò ìdọ̀họ gan-an, ó lágbára, ṣùgbọ́n ó ń pọ́n bí oòrùn bá ń pa á, torí náà kò sí fún ayàwòrán. Gbéborùn, èpò omi tó gba ọ̀sà Badagry wọlé wá lọ́dún 1984, kò gbówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tó bá nìkan wà, bébà rẹ̀ ń ṣẹ́ bí ẹ bá ká a. Ní Gánà, ìjọba kó igi paper mulberry wọlé lọ́dún 1969 láti fi dán bébà wò. Igi náà sá wọ igbó, ó sì di ìyọnu fún wọn. Ìyáàfin Mary Hark láti Amẹ́ríkà lọ bá wọn ní Kùmásì, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀ sì fi èèpo igi náà ṣe bébà tó rẹwà. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ fún mi lókun nígbà tí àwọn èèyàn mi ń bi mí pé ṣé bébà tún ti tán lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ni.

Wàhálà tó wà nínú iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa gan-an ni pé omi àti gbígbẹ kì í dé pọ̀. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, omi òjò wà, táǹkì kún, ògì ń lọ ní ìrọ̀rùn, àmọ́ kò sí ohun tó ń gbẹ. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, bébà ń gbẹ kíákíá débi pé ó ń ká kò, eruku sì ń bà lé e, omi táǹkì sì ti ń lọ sílẹ̀. Lọ́dún kan, láàrin oṣù Keje, a ṣe odindi iṣẹ́ oníbàárà kan tán, ewé ńláńlá, ó kù kó gbẹ. Òjò ò dáwọ́ dúró. Iná lọ, kò dé. Jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ títí, òun náà dákẹ́. Nígbà tí mo ṣí búláńkẹ́ẹ̀tì, bébà ti bu: aláwọ̀ ewé lápá kan, dúdú lápá kejì, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Owó oníbàárà tí mo ti gbà ni mo fi ra àjákù àti epo. Mo ní láti yá owó láti dá a padà. Mo sunkún lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò tijú láti sọ ọ́.

Páálí ni àwọn tó ń ṣe bébà lọ́wọ́ ní ìlú òyìnbó ń lò, òun ló sì yọ mí. Páálí onífèrè, irú èyí tí ìdọ́míì àti tẹlifíṣọ̀n ń wà nínú rẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ ló tò lọ nínú rẹ̀. A ó to páálí, a ó tẹ́ aṣọ tó ń fa omi lé e, ewé, aṣọ, páálí mìíràn, a ó dá gbogbo ihò kọ jú sí ibì kan, a ó gbé fáànù síwájú wọn, a ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ lórí. Afẹ́fẹ́ ń gba inú ihò kọjá, ewé ń gbẹ ní títẹ́jú láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, òjò ìbáà máa rọ̀. Fáànù kékeré kan kì í jẹ iná, bátìrì àti sólà gbé e. Ẹrù kan péré ni mi ò tíì lè bá òjò dù, ìyẹn lẹ́ẹ̀.

Bébà tí kò bá ní lẹ́ẹ̀, ọ̀dà olómi á rì sínú rẹ̀, á fẹjú. Ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ tí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ń lò wù mí púpọ̀, tiwa ni, ó sì dáa lójú bébà. Àmọ́ aáyán fẹ́ràn rẹ̀ ju oníbàárà lọ. Jẹ́látìn, tó ń ti ara awọ màlúù wá, ni mo wá dúró lé lórí. Ó gbọdọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ẹ ń rì ewé sí i, ó sì gbọdọ̀ gbẹ kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rà. Nítorí náà, oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì la ń fi lẹ́ẹ̀ sí ewé tí a ti ṣe lásìkò òjò. Calcium tí àwọn tó ń po ọ̀dà ilé ń rà ní àpò-àpò la sì ti fi díẹ̀ sínú ògì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ásíìdì inú afẹ́fẹ́ má bàa rí bébà náà jẹ.

Àwọn kan á sọ pé kí ni mo ń dààmú ara mi fún nígbà tí ìjọba pàápàá ò rí i ṣe. Lóòótọ́, láti ìgbà tí Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1859 ni a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ wa sórí bébà ẹlòmíràn. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ bébà tiwa sílẹ̀: ti Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1969, ti Oku-Iboku lọ́dún 1986. Ti Ìwópín, létí ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni wọ́n ní kó máa ṣe bébà ìkọ̀wé tó dáa. Wọ́n gbin igi mẹlíná lọ súà nínú igbó Ọmọ, níbi tí gbogbo awakọ̀ mọ̀ sí J4, kí Ìwópín má bàa wá igi tì. Ṣùgbọ́n fọ́nrán mẹlíná kúrú, bíi mílímítà kan ni. Wọ́n ní láti fi fọ́nrán gígùn lú u kó tó lágbára, ìlú òkèèrè ni fọ́nrán gígùn sì ti ń wá. Bí dọ́là bá ti wọ́n, iṣẹ́ á dúró. Mo máa ń wo àwọn igi yẹn bí mo bá ń lọ sí Ọ̀rẹ̀, pákó ni wọ́n ń là wọ́n sí báyìí. Ó dùn mí. Kì í ṣe ọgbọ́n ló tán ní Ìwópín. Ìdajì ohun tó wà nínú ìkòkò ni wọ́n gbé sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Oníbàárà tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ni àgbà ayàwòrán kan tó ń fi àwo irin tẹ àwòrán. Iṣẹ́ yẹn ní gbòǹgbò níbí: láti ìgbà ẹ̀kọ́ tí Ru van Rossem wá ṣe n'Íbàdàn lọ́dún 1963, tí Bruce Onobrakpeya wà lára àwọn tó kọ́ ọ, dé ibi iṣẹ́ Bàbá Onobrakpeya ní Mushin, àti ìpàgọ́ ọnà tí wọ́n ń ṣe l'Agbarha-Otor láti 1998. Rírẹ ni wọ́n ń rẹ bébà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á sì fún un mọ́ àwo débi tí yóò fi wọ gbogbo kòtò ara rẹ̀. Àgbà náà rẹ tèmi, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ọwọ́ pa ojú àwo wò.

"Àbúrò, bébà rẹ ń hu irun," ni wọ́n wí. "Àwòrán tí mo bá tẹ̀, ọ̀kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Tó o bá fún mi ní ogún ewé, ogún náà gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ fún mi láàyè di ọyẹ́."

Mo ra òṣùwọ̀n kékeré, irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò. Gbogbo ewé tó bá gbẹ la ń wọ̀n, a ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí igun pẹ̀lú pẹ́ńsù, èyí tó bá fi gíráàmù márùn-ún ju èkejì lọ kì í wọ àpò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, Ọ̀gá tẹ mẹ́rin, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn béèrè iye tó kù lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn tí náírà já lóṣù Kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là tó ń lọ ní nǹkan bíi ₦460 lọ́wọ́ ìjọba fi kọjá ₦1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, àwọn ayàwòrán tí kì í dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Bébà Faransé ti ju agbára àpò wọn lọ. Inú mi dùn sí ìpè náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí nítorí rẹ̀, kó gbọ́ èyí pẹ̀lú: ayàwòrán kò tíì sanwó ilé mi rí. Lẹ́tà ìtọrọ ló ń san án. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìyàwó kan wà níbì kan tí wọ́n ń ka lẹ́tà ìtọrọ rẹ̀ sókè lójú ẹbí méjì, tí wọ́n ti fi ríbọ́ọ̀nù di, tí wọ́n sì máa tọ́jú. Bébà wa yẹ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ewé kékeré sì ni, ó ń gbẹ kíákíá. Ti ìwé ìpè ìnáwó náà ń wọlé. Mi ò ka iṣẹ́ yẹn sí iṣẹ́ tó rẹlẹ̀. Òwú kan náà ni, omi kan náà ni, lẹ́tà tí ọkọ fi tọrọ ìyàwó kò sì yẹ kó pọ́n nínú dúrọ́ọ̀ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.

Ohun tó kù tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni àkókò. Àwọn ayàwòrán máa ń sáré wá bá mi nínú oṣù Kẹsàn-án, torí ìpàtẹ ọnà ART X Lagos, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, máa ń bọ́ sí òpin ọdún, àwọn gálẹ́rì sì ń múra sílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni òjò tún ń padà bẹ̀rẹ̀, tí lẹ́ẹ̀ kì í gbẹ. Èyí tí mo bá fẹ́ tà fún wọn lóṣù Kẹsàn-án, mo gbọdọ̀ ti fi lẹ́ẹ̀ sí i láti inú ọyẹ́ tó ṣáájú, mo sì gbọdọ̀ ti gba omi rẹ̀ nínú òjò tó ṣáájú ọyẹ́ náà. Ọdún kan gbáko ni owó mi ń sùn lórí pẹpẹ kó tó jí. Táǹkì mìíràn ni mo ń dá owó rẹ̀ jọ báyìí, torí èyí tó wà nílẹ̀ kò lè gbé mi kọjá ọgọ́rùn-ún ewé ńlá kí òjò tó tún dé. Ayàwòrán tó bá ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, kó wá sọ fún mi nísinsìnyí.